Ta Ni Ń Ṣọ́ Ọkàn Ọmọ Wa Nígbà Tí Àìsàn Bá Le?

Ojú ewé yìí ni a ti máa ń sọ̀rọ̀ owó oṣù, ófátáìmù àti owó ìfẹ̀yìntì. A kò ní dákẹ́ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti òní ga ju owó oṣù lọ, nítorí pé àwọn tí a torí wọn ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, pàápàá àwọn tí àìsàn gbé dè débi pé ikú àti ìyè ń du wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè wa kò gùn. Nígbà tí ọmọ òṣìṣẹ́ bá dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kìkì, ta ni ń ṣọ́ ọkàn náà? Irin iṣẹ́ wo ni ó fi ń ṣọ́ ọ? Bí nǹkan bá yí padà ní agogo mẹ́ta òru, ta ni yóò tètè mọ̀?

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdẹ ń ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Irin pàǹtí tí ó ń dípẹtà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù pàápàá ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí àwọn ọ̀gá bá lè sanwó fún ẹni tí yóò ṣọ́ irin, kò yẹ kí ó ṣòro láti gbà pé ọkàn ọmọ tó ń ṣàìsàn nílò ẹni tí yóò ṣọ́ òun náà. Èrò ẹ̀ka wa ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, ó sì yẹ kí ó wà lórí tábìlì nígbà tí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń béèrè, èyí tó bá wu olówó ni wọn yóò fún un. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

ỌKÀN ỌMỌDÉ YÀTỌ̀ SÍ TI ÀGBÀ

Ọkàn jẹ́ pọ́ńpù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé bọ́ílà, tàbí tó ti bá mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì rí, mọ̀ pé ohun méjì ló ń sọ bí omi tí pọ́ńpù ń tì jáde yóò ti pọ̀ tó: ìwọ̀n tó ń tì lẹ́ẹ̀kan, àti iye ìgbà tó ń tì í ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn rí. Bí àìsàn bá dé bá àgbàlagbà, ọkàn rẹ̀ lè fi kún ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń tì lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún lè sáré sí i. Ọkàn ọmọ kékeré kò ní ipá ti àkọ́kọ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀. Eré sísá ni àbò rẹ̀. Kódà nígbà tí ara rẹ̀ le koko, ọkàn ọmọ tuntun jòjòló a máa lù ní nǹkan bí ìgbà 120 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ wà láàrin 60 sí 100.

Bí ibà, òtútù àyà tàbí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ bá kọlu ọmọ, ọkàn yóò sáré kọjá bẹ́ẹ̀. Ara gbígbóná nìkan lè mú un sáré, ẹkún lè mú un sáré, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ pàápàá lè mú un sáré. Nítorí náà, wíwò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Wíwò ó léraléra ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ń rọlẹ̀ tàbí ó ń le sí i. Bí ọkàn tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ bá sì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ nígbà tí ọmọ kò tíì gbádùn, tí ó kàn ń rọ jọwọrọ, kì í ṣe ìsinmi ni yẹn o. Ó ti rẹ ọkàn náà ni, ewu sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun kejì tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni ìfúnpá. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá yí dáadáa nínú ọmọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò súnkì láti di ìfúnpá mú. Ẹni tó bá wọn ìfúnpá yóò rò pé kò sí nǹkan. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ bíréèkì tí ọ́ìlì rẹ̀ ń jò: ó ṣì lè máa di ọkọ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, títí di ìgbà tí pẹ́dálì yóò lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ìfúnpá ọmọdé. Ìgbà tó bá fi já, ilẹ̀ ti ṣú. Ìṣirò tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò fún ọmọ ọdún 1 sí 10 ni pé kí a sọ ọjọ́ orí ọmọ di ìlọ́po méjì, kí a fi 70 kún un. Bí nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá bá kéré sí àròpọ̀ yìí, ó ti wálẹ̀ jù. Fún ọmọ ọdún 5, 80 ni.

Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í fi í dúró de ìfúnpá. Yóò fọwọ́ kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ bóyá ó tutù nígbà tí àyà gbóná. Yóò tẹ èékánná ọmọ títí yóò fi funfun, yóò fi í sílẹ̀, yóò sì ka ìṣẹ́jú àáyá títí àwọ̀ yóò fi padà. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ̀jẹ̀ kò dé ìkángun ara dáadáa. Yóò wo ìtọ̀ ọmọ pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ oníkílò 10 yẹ kí ó tọ̀ tó mìlílítà 10 ní wákàtí kan, ó kéré tán. Yóò wò ó bóyá ọmọ mọ ìyá rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ ti ń yí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba iná mànàmáná. Ọwọ́, ojú, aago àti ọpọlọ ènìyàn ni wọ́n ń gbà.

IRIN IṢẸ́ TÍ WỌ́N FI Ń ṢỌ́ Ọ

Ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe tí àwọn dókítà ń pè ní ICU, wọ́n máa ń lẹ wáyà mọ́ àyà ọmọ. Ọkàn fúnra rẹ̀ ń mú iná mànàmáná tín-ín-rín jáde bó ṣe ń lù, wáyà yìí ni ó ń gbà á, tí mọ́nítọ̀ sì ń yà á bí ìlà tó ń fò sókè fò sílẹ̀. Willem Einthoven, ará Họ́láńdì, ló ṣe ẹ̀rọ tí ó mú iṣẹ́ yìí ṣe é gbára lé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ẹ̀rọ rẹ̀ ìgbà náà wúwo tó nǹkan bí kílò 270, ènìyàn márùn-ún ló sì ń dárí rẹ̀. Lónìí, ọwọ́ kan ni a fi ń gbé e.

Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka. Takuo Aoyagi ló dá ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Jàpáàn, wọ́n sì gbé e síta ní 1974. Ẹnjiníà ni, kì í ṣe dókítà. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ń tan iná pupa àti iná kan tí ojú kò rí la inú ìka kọjá, ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pupa tó, ó sì ń sọ iye ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀. Ó tún ń ka lílù ọkàn. Bí ó bá sọ pé ọ́síjìn ọmọ kò tó 90 nínú 100, kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn láìjáfara. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn 12, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìka yìí wọlé, tí wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí a ti ń lò ó, ọ̀pọ̀ sí i nínú àwọn ọmọ tó nílò ọ́síjìn ló ń rí i gbà. Kò sí idán níbẹ̀. Ohun tí ojú lásán kò rí ni ẹ̀rọ bá wọn rí.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ fi yangàn jù ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọkàn nínú àyà bó ti ń ṣí tó sì ń pa dé, irú èyí tí a mọ̀ sí sikáànù. Ní 1953, ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Swídìn, dókítà Inge Edler àti onímọ̀ físíìsì Hellmuth Hertz ń wá ọ̀nà láti rí ọkàn láìla àyà. Ibo ni Hertz ti rí ẹ̀rọ tó fi dán an wò? Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Malmö ni! Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń fi í wá ibi tó sán nínú irin. Wọ́n ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ sínú irin, bí ó bá kan ibi tó sán, ìró náà yóò ta padà. Hertz yá a lọ, ó dojú rẹ̀ kọ àyà, ìró sì ta padà láti ara ọkàn. Láti inú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń jó irin ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, dókítà ICU lè gbé sikáànù sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó rí i bóyá ọkàn ọmọ kún fún ẹ̀jẹ̀ tàbí ó ṣófo, bóyá ó ń fún dáadáa tàbí agbára rẹ̀ ti tán.

Nínú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó ń wo ọmọ sàn. Géèjì kì í wa ọkọ̀. Ohun tí géèjì ń ṣe ni pé kí awakọ̀ má baà jó ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ÁFÍRÍKÀ KỌ́ GBOGBO AYÉ

Àwọn kan lè bi wá pé, kí ni ìwúlò kí á máa ṣọ́ ọkàn báyìí, ṣé kò tó kí á tètè fún ọmọ ní omi àti oògùn ni? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ya gbogbo dókítà ayé lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìṣirò yìí. Ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ tó tó mìlílítà 80 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀. Ọmọ oníkílò 10, nígbà náà, ní mìlílítà 800, èyí tí kò ju péọ̀ wọ́tà kan ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí ìlànà ní àwọn ilẹ̀ olówó ti jẹ́ pé bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò bá yí dáadáa nítorí àìsàn, kí wọ́n tètè da omi sí i lára láti inú iṣan, mìlílítà 20 fún kílò kan, kí wọ́n sì tún un dà bí ó bá yẹ. Fún ọmọ wa yìí, mìlílítà 200 nìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ìdámẹ́rin gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Láti 2009 dé ìbẹ̀rẹ̀ 2011, Kathryn Maitland àti àwọn dókítà ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà dán ìlànà yìí wò. Àwọn ọmọ 3,141 tí ibà líle ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì yí dáadáa, ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ibà ẹ̀fọn ló mú wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní omi kíákíá, wọn kò fún àwọn yòókù ní ti kíákíá, gbogbo wọn sì ń gba oògùn àti ìtọ́jú yòókù. Olúkúlùkù ló rò pé omi kíákíá ni yóò gba ẹ̀mí là. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Láàrin wákàtí 48, ó ju ọmọ 10 nínú 100 lọ tó kú nínú àwọn tó gba omi kíákíá, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò gbà á, nǹkan bí 7 nínú 100 ni. Àwọn tó ń bójú tó ìwádìí náà dá a dúró kí ó tó parí. Nígbà tí wọ́n tún èsì náà yẹ̀ wò, tí wọ́n gbé e jáde ní 2013, wọ́n rí i pé ohun tó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó kú lé yìí ni pé ọkàn àti ìyíká ẹ̀jẹ̀ wọn já.

Ẹ má gbà á sí òdì o. Ìwádìí yìí kò kan ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọn kò fi irú wọn kún un. Omi ló ń pa ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò sí lára rẹ̀, omi náà ni yóò sì gbà á là. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìwé wa tán, kí ó lọ kọ omi tí dókítà fẹ́ fà sí ọmọ rẹ̀ lára. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ ni pé ọmọ méjì lè ní ọwọ́ tútù kan náà àti ọkàn tó ń sáré kan náà, kí ó jẹ́ pé omi ló tán lára ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ pé ọkàn èkejì ló ti rẹ̀, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára rẹ̀ nítorí ibà. Ohun tó wo ọ̀kan sàn lè pa èkejì. Ẹni tó bá dúró ti ọmọ, tó ń fún un díẹ̀, tó ń wò ó, tó tún ń fún un, tó tún ń wò ó, ni yóò mọ ìyàtọ̀.

Nígbà tó di 2020, àwọn onímọ̀ àgbáyé tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé pín ìlànà wọn sí méjì. Níbi tí ICU wà, wọ́n gbà kí a fún ọmọ ní omi ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀, kí a máa ṣọ́ bí ọkàn ṣe gbà á, kí a sì dáwọ́ dúró bí ara ọmọ bá fi hàn pé omi ti pọ̀ jù. Níbi tí kò ti sí ICU, bí ìfúnpá ọmọ kò bá tíì já, wọ́n ní kí a má ṣe da omi kíákíá sí i lára. Ẹ ro ó wò, ẹ̀yin ará. Àìsàn kan náà, ọmọ kan náà, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ nítorí pé ibì kan ní ẹni tó ń ṣọ́ ọkàn, ibì kejì kò ní. A kò bá àwọn tó kọ ọ́ jà, òótọ́ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbà pé ìhà kejì yẹn ni kí ọmọ òṣìṣẹ́ wà títí ayé.

Ẹ̀RỌ KÒ LÈ GBA IṢẸ́ NỌ́Ọ̀SÌ

Ní 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Àwọn ọmọdé kò lè mí mọ́. Dókítà Bjørn Ibsen dá ọgbọ́n kan: wọ́n dá ihò sí ọ̀fun aláìsàn, wọ́n fi rọ́bà sí i, ènìyàn sì ń fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ láti mí fún un. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn bí 1,500 ló wá ṣe iṣẹ́ náà ní ṣífùtù, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ikú dínkù gan-an. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ICU ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí ṣífùtù òru ń fi ojú ènìyàn rí, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ ICU, ẹ̀rọ ló tẹ̀lé e.

A ń sọ èyí nítorí pé àwọn olówó fẹ́ràn láti ra ẹ̀rọ, kí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì lọ. Mọ́nítọ̀ a máa ké nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n a tún máa ké nígbà tí ọmọ bá kàn fi ẹsẹ̀ ta wáyà. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ń bójú tó ọmọ mẹ́wàá, igbe ẹ̀rọ yóò di ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ kì í ti í gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìka náà lè parọ́ bí ọwọ́ ọmọ bá tutù, tàbí bí wọ́n bá kun kútẹ́ẹ̀sì sí èékánná rẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwádìí kan tó jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní òpin 2020 fi hàn pé láàrin àwọn àgbà aláìsàn tí ẹ̀rọ yìí sọ pé ọ́síjìn wọn tó, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ́síjìn wọn kò tó rárá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó bá rí ọmọ dúdú tó ń mí gúlegúle, tí ẹ̀rọ sì ń sọ fún un pé kò sí nǹkan, kí ó gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́, kí ó pe dókítà.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, awakọ̀ ni, gbé ọmọ rẹ̀ ọdún méjì lọ sí ilé ìwòsàn kan ní òru. A kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìka wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sílé. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fi kan ọmọ náà. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n irin iṣẹ́ tí a tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò rà. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà kò ní ẹ̀bi. Òun nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni, bí a ti ń bá a sọkún ni kí á bá a jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀.

OHUN TÍ À Ń BÉÈRÈ

Èkíní, kí iléeṣẹ́ tó fi orúkọ ilé ìwòsàn kankan sínú ìwé pé ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò máa gba ìtọ́jú, kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ lọ wò ó, kí wọ́n sì lọ ní òru. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ ìka tó bá ọwọ́ ọmọdé mu wà? Ǹjẹ́ ọ́síjìn wà? Bí iná bá lọ, ǹjẹ́ bátìrì ẹ̀rọ yóò dúró títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbé e? Nọ́ọ̀sì mélòó ló wà? Bí ọmọ bá kọjá agbára wọn, ibo ni wọn yóò gbé e lọ, ọkọ̀ wo ni wọn yóò fi gbé e?

Èkejì, òfin ìbánigbófò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ènìyàn tó ń gbé ní Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò ìlera. Kí àwọn ọ̀gá wa fi ìwé hàn wá, kì í ṣe ẹnu lásán, pé wọ́n ń san tiwọn. Kí àdéhùn wa sì sọ ọ́ ní kedere bóyá ó kan ìtọ́jú ICU fún ọmọ, àti ọjọ́ mélòó. Kí wọ́n má máa béèrè owó àkọ́san lọ́wọ́ bàbá nígbà tí ọmọ ń pọ̀kàkà ikú.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i, kí wọ́n sanwó tó jọjú fún wọn kí wọ́n má baà máa kó lọ sí ìlú òyìnbó. Kí wọ́n sì gba àwọn tó lè tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Àwa tí a wà nídìí ẹ̀rọ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí kò ní olùtúnṣe, pàǹtí ọ̀la ni.

Ẹ̀kẹrin, kí òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ICU gba ìsinmi pẹ̀lú owó. Ní ti àwọn awakọ̀ àti kọndọ́kítọ̀ tí wọ́n ń jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí wọn kò bá ṣiṣẹ́, wọn kò jẹun. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka wa yọ apá kan nínú owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún kàn wá fúnra wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ni ọkàn wọn ń sáré wá, kì í ṣe omi. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ara wa le máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì ẹ̀jẹ̀ kí ìṣòro tó dé. Kò sí ọ̀gá tó lè bá wa ṣe èyí.

KÍ ILÉ TÓ DI ILÉ ÌWÒSÀN

Kò sí ICU tó lè jí ọmọ tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ kọ́ ìyàwó, ẹ kọ́ ìyá àgbà, ẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ọmọ pọ̀n. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò bá lè mu nǹkan tàbí fa ọmú, tí ó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tí gìrì bá mú un, tàbí tí ó ń sùn lọ fọnfọn tí a kò lè jí i, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ ka èémí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó mí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 4 tó mí tó ìgbà 40, èémí rẹ̀ ti yá jù. Bí àyà rẹ̀ bá sì ń wọnú bó ti ń mí, ẹ gbé e, ó di ilé ìwòsàn. Àgbo àti àdúrà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ àkókò ọmọ tán.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹnu kò ní rẹ̀ wá láti sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ dá wọn lóhùn pé ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣọ́ pọ́ńpù iléeṣẹ́ ní òru mọ ìdí tí ó fi yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ pọ́ńpù tó wà láyà ọmọ rẹ̀. Ẹ wá ní rẹpẹtẹ, ẹ mú ìwé ètò ìlera yín dání, kí á jọ kà á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àwa àgbà ni yóò bá a nawọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!